Ẹni Tí Àpótí Lẹ́tà Ò Mọ̀

Ní ìlú Flensburg níbí, bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan wà láyé, má wulẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Lọ wo àpótí lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà lára àpótí, ó wà láyé. Bí kò bá sí níbẹ̀, kódà kó dúró síwájú rẹ kó máa rẹ́rìn-ín, wọn ò tíì bí i. Ilé wa ò ní nọ́ńbà yàrá. Orúkọ la fi ń mọ ẹni tó ń gbé òkè yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ni mo ti ń gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò sì jọ mí lójú rí, àfi ìgbà tí Malkhaz dé.

Ará Georgia ni Malkhaz, Georgia tó wà lẹ́bàá òkè Caucasus, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Mẹkáníìkì ni. Gáréèjì bọ́ọ̀sì tí mo ti fẹ̀yìn tì ló gbà á síṣẹ́, torí pé àwọn ọmọ tiwa ò fẹ́ fọwọ́ kan gírísì mọ́, gbogbo wọn ló fẹ́ jókòó nídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá gáréèjì pè mí lórí fóònù: "Wiebke, ṣé o mọ ẹni tó ní yàrá?" Mo mọ̀ ọ́n. Ilse Brodersen, tí ilẹ̀kùn tèmi àti tirẹ̀ kọjú síra, ní yàrá kan tó ṣófo. Detlef ọkọ rẹ̀ ti kú láti bí ọdún kan àbọ̀, wọn ò bímọ, ilé sì ti ń dákẹ́ jù fún un. Mo ní kó gba ọmọkùnrin náà sílé. Ó gbà. Mo rò pé mo ti ṣe oore fún ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, orí mi sì wú.

Ọ̀rọ̀ báńkì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Malkhaz lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìlú, wọ́n lu òǹtẹ̀ fún un pé ilé wa ló ń gbé. Ó gbé ìwé náà lọ sí báńkì tó wà lójú ọ̀nà èbúté, ó jókòó síwájú akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Thaysen, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ́sítáàṣì tín-ín-rín tó máa ń bu omi fún èèyàn kó tó sọ ohun tí kò ní ṣeé ṣe. Lọ́jọ́ náà kò tíì sí ohun tí kò ní ṣeé ṣe.

"Níbo lowó yín á ti máa wá?"

"Láti abẹ́ bọ́ọ̀sì."

"Ṣé ẹ wà nípò òṣèlú kankan?"

Malkhaz na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i, tòun ti epo dúdú tó ti sùn sábẹ́ èékánná. Ọ̀gbẹ́ni Thaysen wò ó, ó kọ "rárá". Wọ́n ní káàdì á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, àti pé ìgbà tí káàdì bá dé ọwọ́ rẹ̀ ni àkáǹtì náà tó lè ṣiṣẹ́.

Káàdì dé. Hauke tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa gbé e wá, ó ka orúkọ ara àwọn àpótí láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí Gogoladze, orúkọ ìdílé Malkhaz, lára èyíkéyìí. Bó ṣe ń kọ ọ́ sára lẹ́tà pé a ò mọ ẹni yìí níbí, Malkhaz ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Moin," Malkhaz kí i, bí a ti máa ń kíra wa láàárọ̀ lọ́sàn-án.

"Moin," Hauke dá a lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì gbé káàdì Malkhaz padà lọ.

Nígbà tí Malkhaz padà sí báńkì, omi ti wà lórí tábìlì.

"Ọ̀gbẹ́ni Gogoladze, ẹ ò gbé níbi tí ẹ sọ."

"Òǹtẹ̀ ìjọba ńkọ́?"

"Òǹtẹ̀ sọ pé ẹ ń gbé ibẹ̀. Àpótí lẹ́tà sọ pé ẹ ò gbé ibẹ̀."

"Èwo wá lẹ gbà gbọ́?"

"Àwa ò lè ju káàdì sínú òǹtẹ̀."

Malkhaz ní kí wọ́n kúkú kọ ọ́ sára lẹ́tà pé ilé Brodersen ni òun wà. Thaysen mi orí. Òfin báńkì ò fàyè gba kí èèyàn máa gba káàdì lábẹ́ orúkọ ẹlòmíì; àwọn tó ń fi owó ẹ̀gbin ṣòwò ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi káàdì mìíràn ránṣẹ́. Bí ìyẹn náà bá padà, wọ́n á pa àkáǹtì náà rẹ́.

Kì í ṣe eré. Gáréèjì ò ní san owó oṣù fún un sínú àkáǹtì ẹlòmíì. Bí owó oṣù ò bá wọlé kí oṣù tó parí, wọn ò ní lè fún un níwèé pé iṣẹ́ rẹ̀ ti dúró. Bí kò bá sì ní ìwé yẹn, ọ́fíìsì àwọn àlejò ò ní sún ìwé ìgbélùú rẹ̀ síwájú. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Tbilisi ló kù. Ọ̀gá gáréèjì fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun ò tíì rí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì bíi ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n òfin lòfin.

Gbogbo wàhálà yìí, orúkọ lára àpótí ni. Lọ́jọ́ Sunday, mo gbé kéèkì oníbọ́tà lọ bá Ilse, a jọ ń mu kọfí. A ti jọ ń gbé ilé yìí kí irun wa tó funfun, síbẹ̀ "ẹ" ni mò ń pè é, "ẹ" lòun náà ń pè mí. Bí a ṣe wà níbí nìyẹn.

"Ìyáàfin Brodersen," mo ní, "ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí lẹ bébà kékeré kan mọ́ àpótí yín."

"Kò sáyè níbẹ̀."

"Àyè wà. Mo rí i."

"Idẹ ló wà níbẹ̀, Ìyáàfin Lorenzen. Detlef ló gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i lára, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án mọ́ ọn. Ẹ fẹ́ kí n wá lẹ bébà mọ́ idẹ?"

Malkhaz tó ń ṣe búrẹ́dì oníwàràkàṣì ní kíṣìnì yọjú. "Màmá, mo lè gbẹ́ idẹ tèmi náà. Kékeré báyìí, màá fi sí abẹ́ tiwọn."

"Èmi kì í ṣe màmá yín. Ìyáàfin Brodersen lorúkọ mi." Ó gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Bí wọ́n bá rí orúkọ ọkùnrin mìíràn níbẹ̀, wọ́n á rò pé Detlef ti kó jáde."

Èmi àti Malkhaz wo ara wa. Detlef ti kó jáde lóòótọ́, èmi àti Ilse la jọ sin ín. Ṣùgbọ́n lójú Ilse, níwọ̀n ìgbà tí D. Brodersen bá wà lára àpótí, ó kàn jáde lọ ra ìwé ìròyìn ni. Àwọn tó ṣètò ìsìnkú ti bá a sọ fún ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì àti gbogbo ibi tó yẹ. Báńkì nìkan ló kù, torí pé báńkì fẹ́ kí ìyàwó wá fúnra rẹ̀. Kò lọ. Káàdì Detlef wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì Ilse fúnra rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ẹja yíyan sì ti ń wọ àkáǹtì ọkọ rẹ̀ láti ayébáyé, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń ra búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Ohun tó bí mi nínú jù lọ ni pé báńkì kan náà tí kò mọ Malkhaz mọ Detlef dáadáa. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kọ̀wé sí i. Wọ́n kí i kú ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní àwọn ṣe tán láti yá a lówó bó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi. Òkú ní Flensburg ń gba lẹ́tà ìfẹ́ láti báńkì, ẹni tó ń gé wàràkàṣì ní kíṣìnì ni wọn ò mọ̀. Mo sọ ọ́ fún Malkhaz lójú àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ògiri mú.

Ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó lọ dúró ti àpótí láàárọ̀ kó lè pàdé káàdì kejì. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà mi, Ilse náà sì ti jáde pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí lọ́wọ́, nígbà tí Hauke wọlé.

"Moin. Lẹ́tà mi dà?" Malkhaz bi í. "Gogoladze."

Hauke yẹ àpò rẹ̀ wò. Ó fa á yọ. Gbogbo wa rí i, lẹ́tà funfun tí àmì báńkì wà lórí rẹ̀, ó nípọn láàárín níbi tí káàdì wà.

"Èmi rèé," Malkhaz ní. "Pásípọ́ọ̀tù mi rèé, ẹ wò ó."

"Ọ̀gá, mo mọ̀ yín. Ojoojúmọ́ là ń kíra wa. Ṣùgbọ́n àpótí ni mò ń pín lẹ́tà fún, mi ò kì í pín in fún èèyàn."

"Ẹ fún un jàre," Ilse pariwo láti òkè.

Hauke gbójú sókè. Kì í ṣe èèyàn burúkú. "Ìyáàfin Brodersen, ẹ lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Bó jẹ́ bébà ni, bó jẹ́ pẹ́ńsù lẹ fi kọ ọ́. Mo lè dúró."

Ó dúró lóòótọ́. Ilse gbá àpò ìdọ̀tí mú, kò sọ̀ kalẹ̀ wá síbi àpótí. Nígbà tó pẹ́, Hauke tọrọ àforíjì, ó sì gbé káàdì kejì lọ.

Malkhaz ò bú Ilse. Ká ní ó bú u ni, ara ì bá tù mí, torí pé èébú ti kún ẹnu tèmi. Ó gun àtẹ̀gùn, ó gba àpò ìdọ̀tí lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a lọ dà á nù. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀. Láti ilẹ̀kùn mi ni mo ti rí i bó ṣe ń tò wọ́n sínú báàgì, súwẹ́tà lórí súwẹ́tà.

Kò pẹ́ ni Ilse kan ilẹ̀kùn mi. Ó ti wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù.

"Ẹ wọ bàtà yín, Ìyáàfin Lorenzen. À ń lọ sí báńkì."

"Ẹ ò kúkú lẹ bébà yẹn kó parí."

"Mo ní à ń lọ sí báńkì! Màá jẹ́rìí fún un. Ẹ̀rí ẹnu mi ò ha tó ni? Orúkọ Detlef á wà níbi tó wà."

A mú Malkhaz kúrò nídìí báàgì rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba èbúté lọ nínú òjò winniwinni. Thaysen bu omi fún gbogbo wa.

"Ọmọkùnrin yìí ń gbé lọ́dọ̀ mi," Ilse ní kó tó jókòó tán. "Mò ń gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń kọrin nílé ìwẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì dára. Bí kì í bá ṣe òun ló ń jẹ wàràkàṣì mi, kí ẹ wá bá mi wá ẹni tó ń jẹ ẹ́."

Thaysen rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà. "Ìyáàfin, kò le rárá. Bí ẹni tó ni ilé bá jẹ́ oníbàárà wa tó sì fọwọ́ sí i, a lè fún wọn ní káàdì lọ́wọ́ níbí lónìí. Ọ̀gbẹ́ni Detlef Brodersen ni mo rí. Oníbàárà wa àtàtà. Kí wọ́n kàn wá fọwọ́ sí i."

"Èmi á fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀yin kì í ṣe oníbàárà wa."

"Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń wọ báńkì yìí!"

"Pẹ̀lú káàdì Ọ̀gbẹ́ni Brodersen ni, Ìyáàfin. Kí wọ́n wá fúnra wọn."

"Kò lè wá."

"Kí wọ́n pè wá lórí fóònù."

"Kò lè pè yín."

"Bí ara wọn ò bá yá, a máa ń ránṣẹ́ sí àwọn àgbà nílé."

Mo tẹjú mọ́ bàtà mi. Malkhaz dìde lójijì, àga rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Ó tó," ó ní. "Ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Mi ò fẹ́ àkáǹtì mọ́. Mo ń lọ sílé, Georgia dáa, màmá mi wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ilse di apá rẹ̀ mú, ó fà á jókòó bí ẹni ń fa ọmọ.

"Detlef ti kú," ó ní. "Ó kú sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Níbi ìsìnkú pàápàá, "nígbà tí Detlef ò sí nílé" ló ń wí. Omijé lé ròrò sí mi lójú, mo sì mu omi Thaysen kí n lè rí nǹkan ṣe.

Thaysen dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó kí i kú àfẹ́kù. Mo rò pé ó dé inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì padà sórí kọ̀ǹpútà fúnra wọn.

"Mo ní láti ti àkáǹtì náà pa báyìí, Ìyáàfin. Òfin ni."

"Owó ìfẹ̀yìntì mi wà níbẹ̀."

"Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ò kàn lè fọwọ́ kàn án ni, títí ìwé ogún á fi jáde. Mo tún máa gba káàdì wọn lọ́wọ́ yín." Ó rọra fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì lórí tábìlì. Inú rẹ̀ wá dùn lójijì, bí ẹni tó rí ọ̀nà lórí ìwé òfin. "Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé, níwọ̀n bí Ọ̀gbẹ́ni Brodersen ti ṣaláìsí, ẹ̀yin lẹ wá di onílé. Ẹ lè fọwọ́ sí i fún Ọ̀gbẹ́ni Gogoladze."

Ó fọwọ́ sí i. Bí a ṣe jáde nìyẹn: àlejò tó dé ní ìjẹta ní káàdì lápò, ẹni tí wọ́n bí sẹ́yìn ilé ìjọsìn tó wà lókè yẹn ò ní kọ́bọ̀ tó lè ná. Malkhaz ló ra ẹja inú búrẹ́dì tí gbogbo wa jẹ lójú ọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ àpótí fún Ilse mọ́, kò sì sí ìdí fún un mọ́, káàdì ti wà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá a nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ kíṣìnì tú skúrù idẹ Detlef. Mo ní kí n bá a ṣe é. Ó ní kí n máa bá tèmi lọ. Nígbà tí mo ti ọjà dé, bébà méjì ló wà níbẹ̀, orúkọ Ilse lórí ọ̀kan, ti Malkhaz lórí èkejì, wọ́n lẹ̀ wọ́n ní wíwọ́.

Ó wá ku bí Ilse fúnra rẹ̀ ṣe máa di oníbàárà báńkì. Bí ẹ bá rò pé ìyẹn rọrùn, ẹ ò mọ ibi tí à ń gbé. Káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ ti kọjá àkókò, a lọ ṣe òmíràn. Wọ́n ní kó mú òǹtẹ̀ ìjọba wá pé ilé tó ti ń gbé láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ló ń gbé. Malkhaz ló mú un lọ síbẹ̀, torí pé òun ló mọ fèrèsé tí wọ́n ti ń gbà á àti obìnrin tí kì í kanra níbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, báńkì ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan, èrò pọ̀, àfi bí oníbàárà wọn kan bá mú un wá; ẹni tí oníbàárà bá mú wá kì í dúró. Wọ́n lẹ ìfilọ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri tàwòrántàwòrán. Èmi ò lè mú un lọ, báńkì òdìkejì ni mò ń lò. Ló bá di pé Malkhaz, oníbàárà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ló dúró fún Ilse Brodersen ní Flensburg.

Mo bá wọn lọ. Ilse jókòó sórí àga tí Malkhaz jókòó sí lọ́jọ́sí, Malkhaz dúró lẹ́yìn rẹ̀, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Níbo lowó yín á ti máa wá?"

"Láti inú ẹja."

"Ṣé ẹ wà nípò òṣèlú kankan?"

Ó yíjú wo Malkhaz. "Ẹ sọ pé rárá," Malkhaz ní. "Wọ́n ń bi gbogbo èèyàn ni."

"Rárá."

"Ṣé ẹ lọ́kọ?"

"Opó ni mí," ó ní, Thaysen sì kọ ọ́.

"Bí nǹkan bá ṣe yín, ta ni ká pè?"

Mo tún síkáàfù mi ṣe. Ọdún tí mo fi bá obìnrin yìí gbá àtẹ̀gùn, tí mo bá a gbé kéèkì, tí mo bá a sin ọkọ, kì í ṣe kékeré. Mo ti ń múra àtisọ nọ́ńbà fóònù mi.

"Malkhaz Gogoladze," Ilse ní.

Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́, ó dùn mí títí dé egungun, mo sì wo ojú fèrèsé.

"Kí ni wọ́n jẹ́ sí yín?" Thaysen bi í.

Ilse ronú sí i. Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi kan ọwọ́ Malkhaz tó wà lórí àga. "Ilé mi ló ń gbé," ó ní.

Thaysen kọ ọ́ sílẹ̀, kò béèrè ẹ̀rí kankan.